Aṣọ Àwòkọ́ṣe: Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà Abẹ́rẹ́ Láti Ààfin Dé Iléèwé

Aṣọ àwòkọ́ṣe ni ègé aṣọ tí ènìyàn ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú aláràbarà rán oríṣiríṣi ọnà sí, yálà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ọnà kọ̀ọ̀kan, tàbí láti fi ọnà náà pamọ́ kó má baà gbàgbé rẹ̀. Sampler ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Wọn kì í gé e rán ní ẹ̀wù, wọn kì í fi bo tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà tà á. Ara rẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń dán ọwọ́ wò, ara rẹ̀ náà sì ni ọ̀jáfáfá ń kó ìmọ̀ rẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ ti pọ̀, aṣọ yìí ti wà lọ́wọ́ ayaba, lọ́wọ́ ọmọ oníṣòwò, lọ́wọ́ ọmọ òrukàn àti lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Tipátipá ni wọ́n fi kọ́ àwọn kan. Síbẹ̀, adùn kò fìgbà kan tán nínú iṣẹ́ náà, adùn yìí ló sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣì máa ṣe é lónìí tí kò sí ẹni tó ń fi dandan mú wọn.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yúróòpù ni irú aṣọ yìí ti kọ́kọ́ yọ. Ní Íjíbítì, lábẹ́ ìjọba àwọn Mamluk tó bẹ̀rẹ̀ ní 1250 tó sì parí ní 1517, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi òwú sẹ́dà aláwọ̀ aró, pupa àti dúdú rán ọnà sí aṣọ ọ̀gbọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, kò sì jẹ́ kí àwọn aṣọ náà jẹrà. Díẹ̀ nínú wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù Ashmolean ní Oxford, àwọn mìíràn wà ní Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọnà orí wọn kò tò lẹ́sẹẹsẹ: ìràwọ̀ kan níhìn-ín, ọnà onígun mẹ́rin kan lọ́hùn-ún, ìlà kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí. Ibi tó bá ti ṣófo ni ẹni tó ni ín ń rán ọnà tuntun tó bá rí sí. Rírán kan wà lára wọn tí abẹ́rẹ́ ti ń lọ tó sì ń padà gba ojú ọ̀nà kan náà, tí iwájú aṣọ àti ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń jọra. Irú rírán yìí kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi òwú dúdú ṣe sí ọrùn àti ọwọ́ ẹ̀wù wọn láyé Ọba Henry Kẹjọ.

Ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìwé ìnáwó Elizabeth ti York, ìyàwó Ọba Henry Keje. Ní oṣù keje ọdún 1502, wọ́n san pẹ́nì 8 fún aṣọ ọ̀gbọ̀ tí ayaba fẹ́ fi ṣe aṣọ àwòkọ́ṣe. Lásìkò yẹn kò tí ì sí ìwé ọnà abẹ́rẹ́ títẹ̀. Obìnrin tó bá rí ọnà tó wù ú lára ẹ̀wù àlejò, àfi kó yáa rán díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí aṣọ tirẹ̀ kí àlejò tó lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1523 ni Johann Schönsperger tẹ ìwé ọnà jáde ní Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Ítálì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e. Ìwé wọ̀nyí kò lé aṣọ àwòkọ́ṣe lọ. Wọ́n wọ́n lówó, ìlò wọn náà ló sì ń bà wọ́n jẹ́, torí ńṣe ni wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ lu ihò yí àwòrán inú ìwé ká, kí wọ́n tó fi ìyẹ̀fun èédú pa á kó lè hàn lára aṣọ. Kò pẹ́ tí ojú ìwé fi ń ya. Èyí tó ti wà lára aṣọ kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti jẹ́ ohun tí ọ̀rẹ́ ń jókòó ṣe pọ̀. Nínú eré A Midsummer Night's Dream, tí Shakespeare kọ ní àwọn ọdún 1590, ọmọbìnrin kan rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń jókòó sórí tìmùtìmù kan, tí wọ́n ń rán òdòdó kan sórí aṣọ àwòkọ́ṣe kan, tí wọ́n sì ń kọ orin kan náà. Ọ̀rọ̀ náà kò nílò àlàyé fún òǹwòran ìgbà yẹn, torí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wà nílé wọn.

Aṣọ àwòkọ́ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí wọ́n kọ ọdún sí ni ti Jane Bostocke, tó rán an ní 1598. Victoria and Albert Museum ló ni ín báyìí. Òwú sẹ́dà àti òwú onírin ló fi rán an, ó sì rán péálì wínníwínní àti ìlẹ̀kẹ̀ dúdú mọ́ ọn. Ajá wà lápá òkè, àgbọ̀nrín náà wà níbẹ̀; ìsàlẹ̀ kún fún onírúurú ọnà tó tò tira. Láàárín wọn ni Jane ti kọ lẹ́tà, orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún. Ó tún fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1596 ni wọ́n bí Alice Lee, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, pé ọ̀sán sì ni. Ọmọ ọdún méjì ni Alice nígbà tí wọ́n rán aṣọ yìí. Ó jọ pé òun ni wọ́n rán an fún, kó lè máa wò ó kọ́ṣẹ́ bó bá dàgbà. Ẹni tó fi sẹ́dà kọ wákàtí tí ọmọ wáyé ti kọjá ẹni tó ń kó ọnà jọ lásán. Láti ìgbà yìí lọ, orúkọ, ọjọ́ orí àti ọdún kì í sábà wọ́n lára aṣọ àwòkọ́ṣe, òun náà ló sì jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ ṣeé tọ̀.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, aṣọ náà gùn ó sì tín-ínrín: ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25, gígùn rẹ̀ sì lè tó mítà kan. Ọ̀wọ́n aṣọ ọ̀gbọ̀ ló fà á. Wọn kì í fi ṣòfò. Ńṣe ni wọ́n ń gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí aṣọ kan dé etí kejì bó ṣe ti orí òfì wá, tí ìbú aṣọ á fi di gígùn aṣọ àwòkọ́ṣe. Bí wọ́n bá ti rán an tán, wọ́n á ká a sínú àpótí, wọ́n á sì máa tú u wò nígbà tí wọ́n bá nílò ọnà.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ náà dára jù lọ. Ọnà máa ń tẹ̀ lé ọnà láti òkè wálẹ̀, ìlà òdòdó róòsì, ìlà sitirọ́bẹ́rì, ìlà èso igi óákù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú rírán tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣe é, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kì í sábà ju ọdún 8 sí 14 lọ, á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn. Bó bá ti mọ òwú aláràbarà lò tán, wọ́n á fún un ní òwú funfun lórí aṣọ funfun, níbi tí àṣìṣe kò ti rí ibi fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó le jù: yóò fa òwú yọ kúrò lára aṣọ, yóò fi sísọ́ọ̀sì gé ihò onígun mẹ́rin sí i, yóò sì fi abẹ́rẹ́ nìkan hun ọnà dí àlàfo náà bí aláǹtakùn ṣe ń ta okùn. Ọwọ́ tó lè ṣe èyí lọ́mọ ọdún mọ́kànlá kò kéré rárá. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sún mọ́ iṣẹ́ náà tí kò ní rí i pé ẹni tó ṣe é gbádùn ìṣòro rẹ̀, nítorí ẹ̀rù nìkan kò lè mú ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀ jáde.

Láàárín ọnà ìgbà yìí, àwọn ọkùnrin kéékèèké kan wà tí wọ́n ju ọwọ́ sókè, tí wọ́n gbé òdòdó tàbí nǹkan mìíràn dání. Àwọn akójọ-aṣọ ìgbà ìkẹyìn sọ wọ́n ní abẹ̀ṣẹ́, torí bí wọ́n ṣe dúró. Àwọn onímọ̀ gbà pé kì í ṣe ìjà ni wọ́n ń jà. Olólùfẹ́ ni wọ́n, tí ń gbé ẹ̀bùn fún obìnrin. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kan ṣe ń wò lára ọwọ́ kejì láti ìran dé ìran, aṣọ obìnrin náà di ewé, apá rẹ̀ di ẹ̀ka, nígbà tó yá ó di igi pátápátá, ọkùnrin náà sì ṣì ń gbé òdòdó fún un.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà mú iṣẹ́ yìí kọjá òkun. Èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó pẹ́ jù níbẹ̀ ni ti Loara, ọmọ Ọ̀gágun Myles Standish ti Plymouth, tó rán an ní nǹkan bí 1653. Ó wà ní Pilgrim Hall Museum ní ìlú náà, ó gùn ó sì tín-ínrín gẹ́gẹ́ bí àwọn ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, aṣọ náà kúrú, ó sì fẹ̀. Wọ́n fi ọnà yí etí rẹ̀ ká, wọ́n sì ń fi í sínú férémù gbé kọ́ ògiri kí àlejò lè rí ohun tí ọmọ ilé mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé ọnà ti pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó fẹ́ ọnà kò nílò láti ká a pamọ́ sínú àpótí mọ́. Iléèwé ni aṣọ àwòkọ́ṣe wá ń sìn. Oríṣi rírán dín kù títí tó fi ku rírán alágbèélébùú, níbi tí òwú méjì ti dábùú ara wọn, nítorí òun ló yẹ fún kíkọ lẹ́tà. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ilé ọlọ́rọ̀ ní aṣọ ibùsùn àti aṣọ ìnuwọ́ rẹpẹtẹ, wọ́n sì ń kó wọn jọ fọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òwú pupa ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà orúkọ onílé àti nọ́ńbà sí igun aṣọ kọ̀ọ̀kan kó má baà sọnù, kí wọ́n sì lè máa lò wọ́n tẹ̀ léra kí gbogbo wọn gbó dọ́gba. Ọ̀pọ̀ aṣọ àwòkọ́ṣe ìgbà yìí kò ní J àti U. Lẹ́tà I ló ń ṣiṣẹ́ J, V ló sì ń ṣiṣẹ́ U.

Wọ́n tún ń rán ewì ìsìn sí i. Ìwé orin fún àwọn ọmọdé tí Isaac Watts tẹ̀ jáde ní 1715 wà lára ibi tí àwọn olùkọ́ ti ń mú un. Ikú ni púpọ̀ nínú ewì wọ̀nyí ń sọ, àwọn tó sì ń rán wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ. Ó ṣòro láti kà á láìkáàánú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí ojú bá kúrò lára ewì, á bá ilé bíríkì pupa pàdé, Ádámù àti Éfà pẹ̀lú ejò lára igi, àgùntàn, àti ẹyẹ tó tóbi ju ilé lọ. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣe tinú ara rẹ̀.

Iléèwé àwọn ọmọ ìjọ Quaker kò fara mọ́ ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ní Ackworth ní Yorkshire, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1779, àwọn ọmọbìnrin ń rán ọnà roboto tó dọ́gba níhà méjèèjì, láìsí àwọ̀ tó ń pariwo. Iléèwé Westtown ní Pennsylvania, tó ṣí ní 1799, kọ́ wọn láti fi òwú hun ojú aṣọ tó ya padà débi tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó ya rí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rán ayé: wọ́n á ki irun àgùntàn sínú bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi sẹ́dà bò ó, wọ́n á wá rán ìlà ilẹ̀ àti òkun sí i lára. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì pàdé lórí ohun tí ọmọbìnrin lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1820 sí 1840, aṣọ àwòkọ́ṣe dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Sàró, níbi tí àwọn ajíhìnrere Church Missionary Society (CMS) ti dá iléèwé sílẹ̀ ní abúlé bí i Bathurst. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yìí jẹ́ Yorùbá. Ní Bathurst ni Àjàyí Crowther ti kọ́ ìwé lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1822, obìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ bí i tirẹ̀, Asano, tí wọ́n sọ ní Susan, ló sì fẹ́. Nínú iléèwé wọ̀nyí ni àwọn ọmọbìnrin ti rán lẹ́tà, ẹsẹ Bíbélì, orúkọ wọn àti orúkọ iléèwé wọn sára aṣọ, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi owó ti iṣẹ́ ìhìnrere lẹ́yìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára wọn, torí ẹni tó bá dá owó ní ẹ̀tọ́ láti yan orúkọ fún ọmọ tí owó rẹ̀ ń tọ́. Orúkọ tí ìyá àti bàbá fún ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, aṣọ kan ṣoṣo yẹn ni ohun tí ọwọ́ wọn fi sílẹ̀ láyé, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn òpìtàn Yorùbá fi ojú pàtàkì wò wọ́n.

Láti Sàró ni ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ ti bá àwọn ajíhìnrere wọ Badagry ní 1845, Abẹ́òkúta ní 1846 àti Ìbàdàn ní 1853. Ilẹ̀ Yorùbá ti mọ iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin ni èyí tí wọ́n ń ṣe sára agbádá àti dàńdógó wà. Iléèwé ló sọ abẹ́rẹ́ di ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, tó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì títí di ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, lórí aṣọ ìrọ̀rí àti aṣọ àwo.

Ká padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: aṣọ àwòkọ́ṣe tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó kù níbẹ̀ ni ti Elizabeth Parker, tí wọ́n bí ní 1813 ní Ashburnham ní Sussex, tó sì ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ láti kékeré. Ní nǹkan bí 1830, ó mú aṣọ ọ̀gbọ̀ àti òwú sẹ́dà pupa, kò sì rán òdòdó kan sí i. Ìtàn ara rẹ̀ ló rán, ní rírán alágbèélébùú, lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà: ìyà tó jẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, ìrònú tó fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, àánú tó ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé pé òun kò mọ̀wé kọ. Láàárín gbólóhùn kan tó fi ń béèrè ohun tí yóò gbẹ̀yìn ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ dá dúró, àyè ìsàlẹ̀ sì ṣófo. Àwọn olùwádìí tọ orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìlú, wọ́n rí i pé ó di olùkọ́ iléèwé, ó sì wà láàyè títí di 1889.

Ní Bristol, nínú ilé àwọn ọmọ òrukàn tí George Müller dá sílẹ̀, òwú pupa náà ni wọ́n ń lò. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ń rán lẹ́tà wínníwínní ní oríṣiríṣi, títí aṣọ á fi kún bámúbámú, nítorí aṣọ yẹn ni ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé lọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ ilé. Àwọn akójọ-aṣọ ń wá wọn lójú méjèèjì báyìí.

Ohun mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olówó. Láti 1804 ni àwọn atẹ̀wé Berlin ti ń tẹ ọnà aláwọ̀ sórí bébà onígun mẹ́rin kéékèèké, tí igun kan dúró fún rírán kan. Kò sí ìdí láti wo ọnà lára aṣọ ẹlòmíràn mọ́. Kíkà ló kù. Ní iléèwé ìjọba pẹ̀lú, ìṣẹ́tí aṣọ àti lílẹ aṣọ gba ipò lẹ́tà àti ẹyẹ. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ṣe ń parí, aṣọ àwòkọ́ṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọdé.

Àwọn àgbàlagbà ló gbé e dìde. Marcus Huish tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1900. Ní 1921, Ethel Stanwood Bolton àti Eva Johnston Coe gbé ìwé ńlá jáde lórí ti Amẹ́ríkà. Ohun èlò náà ti rọrùn sí i. Iléeṣẹ́ DMC ti Mulhouse, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1746, ń ta òwú tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, ó sì bá Thérèse de Dillmont tan ìwé atọ́nà abẹ́rẹ́ tó kọ ní 1886 kálẹ̀. Ní Jámánì, iléeṣẹ́ Zweigart hun aṣọ Aida, tí ihò rẹ̀ hàn gbangba, tí ojú kò fi ní láti máa wá òwú kọ̀ọ̀kan kiri.

Àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ti fi iṣẹ́ yìí gba ara wọn lọ́wọ́ ìbànújẹ́. Ọ̀gágun Alexis Casdagli, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Jámánì mú lẹ́rú nínú Ogun Àgbáyé Kejì, rán aṣọ àwòkọ́ṣe kan nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní oṣù kejìlá ọdún 1941. Ara súwẹ́tà tó ti gbó ló ti tú òwú díẹ̀ tó fi ṣe é. Àmì kéékèèké tó yí etí rẹ̀ ká dà bí ọ̀ṣọ́ lásán, ṣùgbọ́n àmì Morse ni: ó gbàdúrà fún ọba ilẹ̀ rẹ̀, ó sì bú Hitler. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ gbé e kọ́ fún àfihàn, wọn kò sì mọ ohun tó ń sọ.

Lónìí, ìnàjú ni aṣọ àwòkọ́ṣe jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bìrìtìkó, Amẹ́ríkà, Faransé àti Jèpáànù. Ohun tó ń gbà kò pọ̀: aṣọ, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú, sísọ́ọ̀sì, bébà ọnà, àti òwú olókùn mẹ́fà tí wọ́n ń pín sí méjìméjì. Lórí Aida tó wọ́pọ̀, rírán 14 ló wà nínú ínǹṣì kan. Lórí ọ̀gbọ̀, wọ́n ń ka òwú méjìméjì, iṣẹ́ náà sì le díẹ̀ sí i. Àárín aṣọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ọnà má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo òwú òkè gbọ́dọ̀ dábùú sí ìhà kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìmọ́lẹ̀ á fi àléébù hàn. Kíkà yìí gan-an ni adùn rẹ̀. Ọkàn tó ń ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta kò ráyè fún àníyàn mìíràn, ọwọ́ á sì máa rí èso iṣẹ́ rẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ lójúmọ́. Bí kíkà bá ṣìnà, títú ló kù, àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ kì í sì í ka títú sí àdánù.

Púpọ̀ nínú wọn ni kì í dá ọnà tuntun. Aṣọ ọmọbìnrin kan tó ti kú láti igba ọdún ni wọ́n ń rán padà, rírán kan kò gbọdọ̀ yẹ̀, títí kan ibi tí ọmọ náà ti ṣì í kà, tí lẹ́tà ìkẹyìn orúkọ rẹ̀ kò rí àyè tó sì gun orí ìlà. Àwọn kan ń fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fi tiwọn sí ìsàlẹ̀. Ní ti ọdún, wọ́n ń ṣọ́ra: àwọn obìnrin àtijọ́ kan ti fi ọwọ́ ara wọn tú nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn kúrò lára aṣọ tí wọ́n rán léwe, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣírò ọjọ́ orí wọn, ihò abẹ́rẹ́ náà sì ṣì ń sọ ọ́. Àwọ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Oòrùn ti ṣá ọ̀pọ̀ òwú àtijọ́: ewéko tutù ti di aró, nítorí àwọ̀ ìyeyè tí wọ́n pò mọ́ aró ló kọ́kọ́ ń lọ. Nítorí náà ni àwọn tó ń ya ọnà wọn fún títẹ̀ fi máa ń bẹ mùsíọ́ọ̀mù pé kí wọ́n yí aṣọ náà padà, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, níbi tí àwọ̀ ti wà bí ọmọ náà ṣe yàn án.